Ẹ̀yà Ara Ló Yẹ Kí Ilé Ìwòsàn Béèrè

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí obìnrin tó pé ọmọ ọdún 25, lẹ́tà kan á ti dé ilé rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ NHS, àjọ tó ń bójú tó ìlera níbẹ̀. Wọ́n ń pè é kó wá ṣe àyẹ̀wò ọrùn ilé ọmọ, irú ìpè bẹ́ẹ̀ á sì máa dé lóòrèkóòrè títí yóò fi pé ọmọ ọdún 64. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Peckham àti Manchester mọ lẹ́tà yìí dáadáa. Àwọn mìíràn á gbà á, wọ́n á fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á ní àwọn á lọ bí ọwọ́ bá dilẹ̀. Dókítà kankan kò jókòó kọ ọ́. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣa orúkọ jọ láti inú àkọsílẹ̀ àwọn dókítà àdúgbò, ohun tó sì ń wò kò ju ọjọ́ orí lọ, àti bóyá obìnrin tàbí ọkùnrin ni wọ́n kọ síwájú orúkọ ẹni náà. Àwọn kan wà tí wọ́n bí ní obìnrin, tí wọ́n sì ń gbé ayé bí ọkùnrin. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ní kí dókítà òun yí àkọsílẹ̀ padà sí ọkùnrin, lẹ́tà kò ní wá mọ́. NHS fúnra wọn ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé pélébé tí wọ́n tẹ̀ jáde lórí ọ̀rọ̀ náà: ẹni tó ṣì ní ọrùn ilé ọmọ ṣùgbọ́n tí orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ ọkùnrin, òun fúnra rẹ̀ ni yóò rántí, òun ni yóò lọ béèrè àyẹ̀wò lọ́wọ́ dókítà. Ẹni tí wọ́n bí ní ọkùnrin tó sì ti di obìnrin nínú ìwé, ìpè á máa dé bá a pé kó wá yẹ ilé ọmọ tí kò ní wò. Ìwé ti yí padà, ara ò yí padà, ìwé sì ni ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé.

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ nítorí pé kò sí ẹni tó kórìíra ẹnikẹ́ni nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Òfin kankan kò lé wọn, nọ́ọ̀sì kankan kò bú wọn, síbẹ̀ àwọn kan jábọ́ kúrò nínú ètò tí wọ́n dá sílẹ̀ láti gba ẹ̀mí là, torí pé ètò náà ń béèrè ohun tí kò yẹ kó béèrè. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò pọ̀. Ẹni tó bá wá fún àyẹ̀wò jẹjẹrẹ, ẹ̀yà ara tó ní ló yẹ kí a béèrè, àti ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yà ara náà. Bí ilé ìwòsàn bá sọ ìbéèrè mìíràn di ẹnubodè tí èèyàn gbọ́dọ̀ gbà kọjá, ìbáà jẹ́ ẹni tó ń fẹ́, ìbáà jẹ́ ọkọ tí kò ní, ìbáà jẹ́ orúkọ tó ń jẹ́, àwọn kan á padà sílé láti ẹnubodè yẹn. Àwọn tó ń padà jù lọ ni àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, àwọn obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, àti àwọn tí ìgbé ayé wọn kò bá ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ìbí wọn mu. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òǹkàwé ìwé ìròyìn yìí ò fara mọ́ irú ìgbé ayé bẹ́ẹ̀. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni yí ọkàn rẹ̀ padà kó tó ka ọ̀rọ̀ yìí dópin.

Ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ bí àrùn náà ṣe ń rìn. Jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ kì í ṣàdédé wá. Kòkòrò àrùn kan tí wọ́n ń pè ní HPV ló ń fa fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀. Harald zur Hausen, onímọ̀ ìṣègùn ọmọ Jámánì, gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2008 nítorí òun ló fi ìdí èyí múlẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ti bá èèyàn lò pọ̀ rí ló máa kó kòkòrò yìí nígbà kan, ara wọn á sì lé e lọ láàárín ọdún kan sí méjì láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Ní ara àwọn díẹ̀ tí kò bá ti kúrò, ó sábà máa ń tó ọdún 10, ó lè tó 20, kó tó sọ ibẹ̀ di jẹjẹrẹ. Àkókò gbọọrọ tó wà láàárín yẹn ni àyẹ̀wò wà fún. Wọ́n á rí i nígbà tí kò tíì di nǹkan, wọ́n á fi òtútù tàbí iná pa ojú ibi tó ti ń bàjẹ́, obìnrin náà á sì padà sẹ́nu òwò rẹ̀. Nítorí èyí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe kéde ní ọdún 2020 pé, kó tó di ọdún 2030, kí 90 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọbìnrin ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kí wọ́n tó pé ọdún 15, kí 70 nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin ti ṣe àyẹ̀wò ní ọdún 35 àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní 45, kí 90 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n bá rí nǹkan lára wọn sì gba ìtọ́jú. Síbẹ̀, ní ọdún 2022, nǹkan bí 350,000 obìnrin ni àrùn yìí pa káàkiri ayé, àwọn tó ń ṣírò rẹ̀ sì gbà pé àwọn tó kú ní Nàìjíríà nìkan lé ní 7,000. Àrùn tí a ti mọ bí a ṣe ń dá a dúró ló ń pa wọ́n. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó yè dé ọ̀dọ̀ dókítà lásìkò ni, ẹni tó kú ò sì dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá mú obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin. Ọ̀rọ̀ kan ti tàn kálẹ̀ pé irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ò lè ní jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ, níwọ̀n bí kò ti sí ọkùnrin nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Irọ́ ni. Ìfarakanra ni HPV ń bá ràn, kò dìgbà tí ọkùnrin bá dá sí i. Ọ̀pọ̀ wọn ló sì ti ní ọ̀rẹ́kùnrin tàbí ọkọ rí. Ní ọdún 2019, NHS ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé nínú àwọn obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin àti àwọn tó ń fẹ́ tọkùnrin tobìnrin, tí ọjọ́ orí wọn ti tó ti àyẹ̀wò, ẹnì kan nínú márùn-ún ni kò tíì ṣe é rí láyé. Wọ́n fojú bù ú sí nǹkan bí 50,000 èèyàn. Àwọn kan lára irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀, ẹnu òṣìṣẹ́ ìlera gan-an ni wọ́n ti gbọ́ pé àyẹ̀wò ò kàn wọ́n. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti rí. Dókítà á béèrè bóyá obìnrin náà ń bá ọkùnrin lò pọ̀. Á dáhùn pé rárá, òótọ́ ló sì sọ. Dókítà á gbà pé kò séwu, á ṣí ojú ìwé tó kàn. Bí ó bá sì purọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á béèrè irú ìfètòsọ́mọbíbí tó ń lò, wọ́n á béèrè bóyá kò ní lóyún báyìí, irọ́ á wá máa gun orí irọ́. Èyí tó bá yàn nínú méjèèjì, ìlera rẹ̀ ló máa jẹ gbèsè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, dókítà náà ò tilẹ̀ nílò ìdáhùn yẹn rárá kó tó mọ̀ pé ẹni ogójì ọdún tó ní ọrùn ilé ọmọ yẹ fún àyẹ̀wò.

Nàìjíríà ò ní lẹ́tà, kò sì ní kọ̀ǹpútà tó ń pe èèyàn. Àyẹ̀wò tó wà lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá bá nǹkan mìíràn wá sílé ìwòsàn ni wọ́n sábà máa ń fi lọ̀: aláboyún, ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́, ẹni tó wá fètò sọ́mọ bíbí. Nọ́ọ̀sì á fi omi kíkan bíi fínígà tọ́ ọrùn ilé ọmọ, á dúró díẹ̀, á sì wò ó bóyá ojú ibì kan funfun. Ó rọrùn, owó tó ń ná èèyàn kò pọ̀, kì í sì í pẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó lọ síbẹ̀, ọ̀nà ìyá ọmọ ni. “Ọkọ yín ńkọ́? Ọmọ yín ti di mélòó?” Lẹ́nu nọ́ọ̀sì tó béèrè, ìkíni ni, kò sí ìkà níbẹ̀, Yorùbá ò mọ bí a ṣe ń kí àgbà obìnrin láìdárúkọ ilé àti ọmọ. Létí obìnrin tó ti lé ní ogójì ọdún tí kò lọ́kọ, tí ìdí tí kò fi ní in sì jẹ́ ohun tó lè gbé e dé iwájú ọlọ́pàá bó bá là á sọ, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni. Ó dájú pé òun nìkan kọ́ ló ń sá fún un. Opó tó ti ń dá gbé láti ogún ọdún, obìnrin àgàn tí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ ọmọ gún lára títí, arábìnrin ìjọ Àgùdà tó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun ò ní lọ́kọ, gbogbo wọn ló ní ilé ọmọ, ètò náà ò sì rí ẹnì kankan nínú wọn. Bí a bá yí ìbéèrè ẹnubodè yẹn padà nítorí àwọn tí ọ̀pọ̀ wa ò fẹ́ gbọ́ orúkọ wọn, àwọn ìyá tí a ń wárí fún náà á rí ọ̀nà gbà wọlé.

Fún àwọn tí wọ́n bí ní obìnrin tí wọ́n ń gbé bí ọkùnrin, ìṣòro kan tún wà lẹ́yìn ẹnubodè. Ọ̀pọ̀ wọn ń lo testosterone, èròjà ara tó ń mú ohùn nípọn tó sì ń mú irùngbọ̀n hù. Èròjà yìí máa ń mú kí awọ ojú ara fẹ́lẹ́ kó sì gbẹ, irin tí dókítà fi ń yẹ ibẹ̀ wò á wá dunni ju bó ṣe yẹ lọ. Ní ilé ìwòsàn Fenway Health ní ìlú Boston, Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí wo àbájáde àyẹ̀wò ọrùn ilé ọmọ tí wọ́n ń pè ní Pap, èyí tí irú àwọn èèyàn yìí ṣe, wọ́n sì gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 2014: nínú ọgọ́rùn-ún àyẹ̀wò, nǹkan bí 11 ni kò ṣeé kà, tí wọ́n ní láti tún ṣe, ti àwọn obìnrin yòókù kò ju nǹkan bí ẹyọ kan lọ. Ẹni tó fi ìtìjú àti ìrora ṣe àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n wá sọ fún un pé àbájáde rẹ̀ kò ṣeé kà, ó ṣòro kó padà wá. Àtúnṣe rẹ̀ ti wà. Èèyàn lè fúnra rẹ̀ fi òwú orí igi tẹ́ẹ́rẹ́ gba omi ojú ara nínú yàrá tó tilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀, kó sì fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò HPV. Ní Boston kan náà, wọ́n gbé èyí fún irú àwọn èèyàn yìí ní àfidánwò, ó sì lé ní 90 nínú ọgọ́rùn-ún tó sọ pé èyí làwọn fẹ́ ju ọwọ́ dókítà lọ. Àwọn tó ṣe ìwádìí náà kò fi pamọ́ pé àwọ̀n rẹ̀ jò díẹ̀ ju ti dókítà lọ, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò tó jò díẹ̀ sàn ju èyí tí kò wáyé. Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ọ̀nà yìí nínú ìtọ́sọ́nà ọdún 2021, Amẹ́ríkà gbà á wọlé sí àwọn ilé ìwòsàn wọn ní 2024, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì kéde ní 2025 pé àwọn á máa fi irinṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sílé àwọn tó ti ń fi àyẹ̀wò falẹ̀. Ẹ wo ẹni mìíràn tí èyí tún bá lára mu: obìnrin Mùsùlùmí ní Ìsẹ́yìn tí kò fẹ́ kí dókítà ọkùnrin wo ìhòòhò òun.

Àwọn kan á ní ìbẹ̀rù àwọn èèyàn wọ̀nyí ti pọ̀ jù, pé dókítà wo ló máa lé aláìsàn. Robert Eads ni ìdáhùn. Ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà ló ń gbé, wọ́n bí i ní obìnrin, ó sì di ọkùnrin nígbà tó dàgbà. Ní ọdún 1996 ni wọ́n rí jẹjẹrẹ nínú ibi tí ẹyin obìnrin ń gbé. Ó lé ní ogún dókítà tó kọ̀ láti tọ́jú rẹ̀, tí àwọn kan ń sọ pé àwọn ò fẹ́ kí àwọn aláìsàn àwọn yòókù rí i; nígbà tó fi máa rí ilé ìwòsàn tó gbà á, ẹ̀pa ò bóró mọ́, ó sì kú ní oṣù kìíní ọdún 1999. Sinimá kan tí Kate Davis ṣe lórí ọdún tó lò kẹ́yìn láyé, Southern Comfort, gba ẹ̀bùn tó ga jù fún irú sinimá bẹ́ẹ̀ ní àjọ̀dún Sundance ní ọdún 2001. Mi ò ní sọ pé àyẹ̀wò ni ì bá gbà á là, torí pé títí di òní kò sí àyẹ̀wò tó ṣeé gbára lé fún irú jẹjẹrẹ tó ṣe é. Ohun tí ikú rẹ̀ fi hàn ni pé àwọn tó ń bẹ̀rù ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn kò lá àlá. Ìròyìn irú rẹ̀ kan ṣoṣo á lé ọgọ́rùn-ún èèyàn mìíràn tí ara wọn ṣì le sá.

Ti àwọn ọkùnrin ló kàn. HPV yìí kan náà ló ń fa jẹjẹrẹ ihò ìdí. Láàárín gbogbo èèyàn, àrùn yìí ṣọ̀wọ́n, kì í ju ẹnì kan tàbí méjì nínú 100,000 lọ́dún kan. Láàárín àwọn ọkùnrin tó ń bá ọkùnrin lò pọ̀ tí wọ́n sì ní HIV, ó tó nǹkan bí 85 nínú 100,000. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn dókítà ń jiyàn bóyá ó tọ́ láti máa wá àmì rẹ̀ kó tó di àrùn, torí kò sí ẹ̀rí pé títọ́jú àmì náà ń dá jẹjẹrẹ dúró. Iyàn yẹn parí ní ọdún 2022, nígbà tí Joel Palefsky àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí tí wọ́n pè ní ANCHOR jáde ní Amẹ́ríkà. Èèyàn tó lé ní 4,400 ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ní HIV, wọ́n sì ti pé ọmọ ọdún 35 ó kéré tán. Àwọn tí wọ́n tọ́jú àmì náà lára wọn, jẹjẹrẹ wọn dín kù pẹ̀lú 57 nínú ọgọ́rùn-ún sí ti àwọn tí wọ́n kàn ń ṣọ́. Láti ọdún 2018 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fún àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin ní abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV títí wọ́n fi pé ọdún 45, wọ́n sì fi àwọn ọmọkùnrin ilé ẹ̀kọ́ kún un ní 2019. Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, fún àwọn ọmọbìnrin láti ọdún 9 sí 14 nìkan. Mi ò bá ìjọba jà lórí ìyẹn. Bí abẹ́rẹ́ ò bá tó, àwọn tí àrùn ń pa jù ni kó kọ́kọ́ kàn. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ọkùnrin tó wà nínú ewu níbí ò ní abẹ́rẹ́, ohun kan ṣoṣo tó kù fún un ni àyẹ̀wò, kò sì lè gba àyẹ̀wò yẹn láìjẹ́ pé ó la ẹnu sọ ohun tó ń bẹ̀rù láti sọ.

Ìbẹ̀rù náà ní ọjọ́ ìbí. Ní oṣù kìíní ọdún 2014 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lu òfin tó ka ìgbéyàwó láàárín ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin léèwọ̀. Ọdún 14 lẹ́wọ̀n ni fún àwọn tó bá ṣe irú ìgbéyàwó náà, ọdún 10 fún ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ tàbí tó kópa nínú rẹ̀. Nígbà tí òfin náà jáde, ìwádìí kan lórí HIV ti ń lọ lọ́wọ́ ní Àbújá láàárín àwọn ọkùnrin tó ń bá ọkùnrin lò pọ̀, nítorí náà àwọn olùwádìí ní àǹfààní tó ṣọ̀wọ́n láti fi ìdáhùn ṣáájú òfin wé ti ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ sínú Lancet HIV ní ọdún 2015. Kí òfin tó jáde, nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà tí wọ́n bi wọ́n, 25 ni wọ́n dáhùn pé àwọn ń bẹ̀rù láti lọ sílé ìwòsàn. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di 38. Èyí tí wọ́n ti dáhùn pé àwọn tilẹ̀ ti yẹra fún ilé ìwòsàn fò láti 20 sí 28. Ẹ rántí pé àwọn tó gbà kí wọ́n bi àwọn léèrè nìyẹn, àwọn tó ń wá sí ilé ìtọ́jú tí wọ́n fọkàn tán. Àwọn tó ti sá pamọ́ pátápátá ò sí nínú ìṣirò. Kò sì sí ibì kankan nínú òfin náà tó ní kí dókítà má tọ́jú ẹnikẹ́ni, tàbí kí nọ́ọ̀sì lọ fẹjọ́ aláìsàn sùn. Ọdún kan náà yẹn ni Ààrẹ kan náà buwọ́ lu Òfin Ìlera Orílẹ̀-Èdè, èyí tí ìpín 26 rẹ̀ sọ pé àṣírí ni gbogbo ohun tó bá jẹ mọ́ ìlera aláìsàn àti ìtọ́jú rẹ̀. Òfin méjèèjì ló wà lórí tábìlì, èyí tó ń dẹ́rù bani nìkan ni gbogbo ìlú gbọ́.

Ọ̀rọ̀ prostate, ẹ̀yà kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, kò ní gùn. Ní Bìrìtìkó, ọkùnrin dúdú kan nínú mẹ́rin ni jẹjẹrẹ rẹ̀ máa ń ṣe láyé rẹ̀, ó sì jẹ́ ẹnì kan nínú mẹ́jọ láàárín gbogbo ọkùnrin, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kan ilé Yorùbá tààrà. Ẹni tí wọ́n bí ní ọkùnrin tó ń gbé bí obìnrin ṣì ní prostate, kódà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Láàárín ọdún 2000 sí 2022, wọ́n rí 155 irú wọn tó ní jẹjẹrẹ yìí nínú àwọn ilé ìwòsàn tó wà fún àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì ní Amẹ́ríkà. Èròjà ara obìnrin tí wọ́n ń lò máa ń fa nọ́ńbà PSA inú ẹ̀jẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń wá jẹjẹrẹ prostate, wálẹ̀, dókítà tí kò bá mọ̀ pé ẹni náà ń lò ó á wo nọ́ńbà tó yẹ kó bà á lẹ́rù, á sì ní kò séwu.

Wàyí o, àtakò tí mo ń gbọ́ jù ni pé ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi fà á. Bí a bá gbà bẹ́ẹ̀, ká kọ́kọ́ lé àwọn ọkọ tó ń kó HPV wọ ilé wá bá aya tí kò mọ ọkùnrin mìíràn rí, ká wá lé ẹni tó mu sìgá tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ bàjẹ́, ká lé ẹni tó sáré àsápajúdé tí mọ́tò rẹ̀ takìtì lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó. Ilé ìwòsàn máa dá páropáro. Ẹni tó bá gbà gbọ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n ń dá, ilé ìjọsìn rẹ̀ ní àyè fún ìwàásù yẹn. Nọ́ọ̀sì tó wọ aṣọ iṣẹ́ ò gbowó oṣù láti ṣe ìdájọ́. Mo tún gbọ́ pé wọn ò pọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales béèrè fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2021, tí ìbéèrè náà ò sì pọn dandan, mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ ló dáhùn pé àwọn ń fẹ́ irú ara àwọn, tàbí àwọn ń fẹ́ tọkùnrin tobìnrin, tàbí pé ìfẹ́ àwọn gba ọ̀nà mìíràn, 262,000 sì sọ pé ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ nígbà ìbí àwọn yàtọ̀ sí ohun tí àwọn jẹ́. Àwa ò kà wọ́n, a ò sì lè fi àìkà wa ṣe ẹ̀rí pé wọn ò sí.

Èyí tó lágbára jù nínú àtakò, tí mi ò sì ní fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, ni ti ẹni tó ní: ìyá mi tó lọ́kọ tó bímọ mẹ́fà kò tíì rí àyẹ̀wò kankan ṣe láyé rẹ̀, kí ló dé tí ẹ fi ń sọ ti àwọn wọ̀nyí? Òótọ́ ni. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni obìnrin tó ti ṣe àyẹ̀wò yìí ní Nàìjíríà, owó àti ọ̀nà jíjìn sì ń dá ọ̀pọ̀ dúró kí ìtìjú tó dé ọ̀rọ̀. Bí ohun tí mo ń béèrè bá jẹ́ ilé ìwòsàn tuntun fún àwọn kan nígbà tí ìyá ẹni náà ń dúró, òun ni ì bá jàre. Ṣùgbọ́n òwú orí igi tó máa jẹ́ kí ọkùnrin tó ní ilé ọmọ ṣe àyẹ̀wò ní kọ́lọ́fín náà ni ìyá yẹn lè lò ní abúlé rẹ̀ láìwọkọ̀ lọ sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìbàdàn. Káàdì tí kò béèrè ọkọ ò ná ìjọba ní kọ́bọ̀ ju èyí tó ń béèrè lọ. Nọ́ọ̀sì tó mọ bí a ti ń pa àṣírí mọ́ á pa ti ìyá náà mọ́ pẹ̀lú, pàápàá bí àbájáde bá fi hàn pé ọkọ rẹ̀ ti kó nǹkan wálé.

Àwọn tó ń gbèjà àwọn èèyàn wọ̀nyí náà ní ohun tí mi ò bá wọn gbà pátápátá. Wọ́n ní ilé ìtọ́jú ọ̀tọ̀ nìkan ló lè fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀. Lórí HIV, irú ilé bẹ́ẹ̀ ti ṣe gudugudu méje, ti Àbújá jẹ́ ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ń fẹ́ ibi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara, ó ń fẹ́ oníṣẹ́ abẹ, ó ń fẹ́ ẹ̀rọ ìtànṣán, ìwọ̀nba ilé ìwòsàn ńlá ló sì ní gbogbo ìwọ̀nyí pọ̀. Ilẹ̀kùn tí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé irú èèyàn báyìí ló ń wọ ibẹ̀ á sì wá tú àṣírí ẹni tó bá kàn sún mọ́ ọn. Ilé ìwòsàn tí gbogbo ayé ń lọ ló fi àyè gba èèyàn láti wọlé láìsí ẹni tó bojú wẹ̀yìn. Ní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan ń ṣàròyé pé bí wọ́n bá yọ ọ̀rọ̀ náà “obìnrin” kúrò nínú lẹ́tà nítorí ìwọ̀nba èèyàn, ìyá àgbà tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ò pọ̀ kò ní mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè. Àròyé yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kí wọ́n fi obìnrin sílẹ̀ nínú lẹ́tà. Àkọsílẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ń kà ni kí wọ́n tún ṣe, kí ó ní àyè tí wọ́n kọ ẹ̀yà ara sí, kí ìpè sì máa tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin alákòóso ìlera ní ìpínlẹ̀ wa gbogbo, ẹ tún káàdì àyẹ̀wò yín wò. Bí ìlà tó béèrè ọkọ bá wà níbẹ̀, ẹ fi èyí tó béèrè ẹ̀yà ara rọ́pò rẹ̀, ẹ kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ yín ní ìpín 26 Òfin Ìlera, kí ẹ sì fi àyẹ̀wò HPV tí èèyàn lè fúnra rẹ̀ gbà kún ohun tí ẹ ń rà. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹni tó bá ní ilé ọmọ tó sì ti pé ọmọ ọdún 30, ó ti tó àkókò àyẹ̀wò, yálà ẹ lọ́kọ tàbí ẹ ò ní. Bí ẹ bá ní HIV, ọdún 25 ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá béèrè ohun tí kò kan àyẹ̀wò, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti sọ fún un pé àyẹ̀wò ni ẹ bá wá.